Ẹrù Ló Ń Ṣáájú Ìwádìí: Bí Gúúsù Áfíríkà Ṣe Ń Gbé Ibùdó Rẹ̀ Ró ní Antarctica

Lóṣù Kejìlá, nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́lé, ọkọ̀ ojú omi pupa kan máa ń ṣí kúrò ní èbúté Cape Town, á sì dorí kọ gúúsù, níbi tí kò ti sí ìlú kankan mọ́. S.A. Agulhas II lorúkọ ọkọ̀ náà. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ló ni ín, Antarctica ló sì ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ yọ láàárín àwa tí a wà nílẹ̀ Yorùbá, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni wọ́n ń wá lọ. Ṣé góòlù ni? Ṣé epo rọ̀bì ni? Àbí wọ́n kàn ń da owó ìlú sínú yìnyín?

Ohun tó ń jẹ́ kó rúni lójú ni pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti pẹ́ńgúìnì nìkan ni àwòrán máa ń fi hàn wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìwádìí ni wọ́n torí ẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹrù ló ń pàṣẹ. Iye epo tí ọkọ̀ lè gbé, iye ọ̀sẹ̀ tí òkun fi ń ṣí sílẹ̀, iye mẹkáníìkì tó gbà láti fi odindi ọdún gbé nínú òtútù: àwọn yìí ló ń sọ irú ìwádìí tí wọ́n á lè ṣe. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹrù ni màá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi, ìwádìí á tẹ̀ lé e.

Ibo gan-an ni à ń sọ, ta ló sì ni ín?

Ayé ní ìkángun méjì, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ti àríwá, ìyẹn Arctic, òkun ni. Yìnyín ló bo ojú rẹ̀, ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Kánádà, Nọ́wè àtàwọn mìíràn ló yí i ká, àwọn èèyàn sì ti ń gbé etí rẹ̀ láti ayébáyé. Béárì funfun ń bẹ níbẹ̀. Ti gúúsù, ìyẹn Antarctica, ilẹ̀ ni, odindi kọ́ńtínẹ́ǹtì tí òkun yí ká, tí yìnyín tó nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà méjì sì bò mọ́lẹ̀. Pẹ́ńgúìnì wà níbẹ̀, béárì kò sí. Ibẹ̀ ni òtútù tó mú jù lọ tí ẹ̀rọ tí èèyàn gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tíì wọ̀n rí ti ṣẹlẹ̀: ìwọ̀n 89.2 lábẹ́ òdo lórí Celsius, ní ibùdó Vostok ti àwọn ará Rọ́ṣíà, lóṣù Keje 1983. Kò sí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí, ẹnì kan ló gbé e lọ, ẹnì kan náà ló sì gbọ́dọ̀ gbé e padà.

Ta ló wá ni ín? Orílẹ̀-èdè méje ló sọ pé apá kan ibẹ̀ jẹ́ tàwọn: Ajẹntínà, Ọsirélíà, Ṣílè, Faransé, New Zealand, Nọ́wè àti Bìrìtéènì. Apá tí Bìrìtéènì, Ṣílè àti Ajẹntínà ń nawọ́ sí tiẹ̀ gun ara wọn lórí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1959, orílẹ̀-èdè 12 pàdé ní Washington, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn kan. Kò sọ pé ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn ti parí, kò sì dá ẹnikẹ́ni láre. Ó kàn ní kí gbogbo wọn fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má kó ọmọ ogun wá jagun tàbí dánra wò níbẹ̀, kí ìwádìí sì wà ní òmìnira fún gbogbo wọn. Gúúsù Áfíríkà nìkan ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà lára àwọn 12 náà, òun nìkan náà ló sì ní ibùdó níbẹ̀ títí di òní nínú gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì wa. Ilẹ̀ tí ibùdó rẹ̀ wà, Nọ́wè ló ń pè é ní tirẹ̀. Dronning Maud Land ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Síbẹ̀ Nọ́wè kì í gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kì í sì tọrọ àyè lọ́wọ́ Nọ́wè kó tó kọ́lé síbẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú àdéhùn yìí tí ó yẹ ká fi sọ́kàn. Àwọn 12 tó dá a sílẹ̀ ní ìjókòó tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tó bá dé lẹ́yìn wọn gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń ṣe ìwádìí gidi níbẹ̀, bíi kó kọ́ ibùdó tàbí kó rán àwọn onímọ̀ lọ, kó tó lè dá sí ìpinnu. Ìwádìí ni owó ìwọlé. Ìdí nìyẹn tí Íńdíà, Ṣáínà, Kòríà àti ọ̀pọ̀ mìíràn fi ń kọ́ ilé síbi tí wọn ò ní àgbàdo kan láti gbìn sí.

Ilé tó rì, ilé tó dúró

Ìparí 1959 ni ìrìn àjò àkọ́kọ́ ti Gúúsù Áfíríkà gbéra. Hannes la Grange ló ṣáájú wọn, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ kan tó ti bá ikọ̀ Vivian Fuchs, ará Bìrìtéènì, rìn la Antarctica já láti etí kan dé ìkejì. Ibùdó tí àwọn ará Nọ́wè ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní SANAE, ìkékúrú orúkọ ètò ìrìn àjò Gúúsù Áfíríkà sí Antarctica lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn tún tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Gbogbo wọn ni yìnyín gbé mì.

Ohun tó fà á rèé. Yìnyín Antarctica kì í jókòó sójú kan. Láti àárín ilẹ̀ ló ti ń rọra ṣàn lọ sí etí òkun, ọdún dé ọdún, nítorí ìwúwo ara rẹ̀. Nígbà tó bá dé etí òkun, kì í já lẹ́ẹ̀kan náà. Á nà jáde sórí omi, á sì máa léfòó níbẹ̀, pẹrẹsẹ, ó sì lè nípọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Orí irú pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Fimbul, ni SANAE mẹ́ta àkọ́kọ́ wà. Ó rọrùn láti kọ́lé síbẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ ojú omi lè dúró nítòsí. Àmọ́ ìrì dídì tó ń já bọ́ níbẹ̀ kì í yọ́. Ti ọdún yìí á jókòó lórí ti èṣí. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ á ti di ilé abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á máa gba ihò sọ̀kalẹ̀ wọlé, ìwúwo yìnyín á sì máa tẹ òrùlé àti ògiri wọ̀. Lórí gbogbo èyí, pẹrẹsẹ náà fúnra rẹ̀ ń sún lọ sínú òkun. Ẹni tó kọ́lé síbẹ̀ dà bí ẹni tó tẹ́ ibùsùn sórí ẹní tí ẹlòmíràn ń wọ́ lọ.

Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n wá àpáta kan tó yọrí jáde láàárín yìnyín, Vesleskarvet lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ́ SANAE IV sí ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1997. Ilé mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ àti òkè ni, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n sì gbé kúrò nílẹ̀ lórí òpó irin kí afẹ́fẹ́ lè máa gbá ìrì dídì kọjá lábẹ́ rẹ̀, kó má gbárajọ sí ara ògiri. Àpáta kì í ṣàn, òpó sì ń jẹ́ kí ilé mí. Ọgbọ́n tó mọ́gbọ́n dání ni, ilé náà sì wà níbẹ̀ dòní.

Àmọ́ kò sí ọgbọ́n tí kò ní iye tó ń náni. Vesleskarvet jìnnà sí etí yìnyín tí ọkọ̀ ojú omi lè dé tó nǹkan bíi kìlómítà 170. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn. Gbogbo ìṣó, gbogbo ẹyin, gbogbo gálọ́ọ̀nù epo tí wọ́n máa lò lọ́dún kan gbọ́dọ̀ la kìlómítà 170 yìí kọjá lórí yìnyín tí kò ní ọ̀nà. Wọ́n fi ìṣòro ilé tó ń rì pààrọ̀ ìṣòro ẹrù tó jìnnà. Lójú tèmi, pàṣípààrọ̀ tó dáa ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń ná wọn pọ̀ ju bí àwòrán ilé náà ṣe lè fi hàn lọ.

Kí ló dé tí wọn kì í lọ nígbà tó bá wù wọ́n?

Nítorí pé òkun náà ń dì. Nígbà òtútù ìsàlẹ̀ ayé, omi òkun tó yí Antarctica ká máa ń di yìnyín títí yóò fi fẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 kìlómítà níbùú lóròó ní oṣù Kẹsàn-án. Tí ooru bá dé, á yọ́ títí yóò fi kù nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ní oṣù Kejì. Àlàfo tó wà láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì nìkan ni ọkọ̀ fi lè wọlé kó sì jáde láìséwu. Ẹ rántí pé ìgbà ooru wọn níbẹ̀ ni ìgbà ọyẹ́ tiwa.

Ọkọ̀ wọn kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ìlú Rauma ní ilẹ̀ Fínílándì ni wọ́n ti kàn án, wọ́n sì gbé e fún Gúúsù Áfíríkà ní 2012. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 134. Ó lè gbé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èrò yàtọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ó ní ibi tí hẹlikọ́pítà lè bà sí, ó sì ní yàrá ìwádìí nínú. Irin iwájú rẹ̀ lè fọ́ yìnyín tó nípọn tó mítà kan bó ṣe ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà náà. Tí yìnyín bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fà sẹ́yìn, á tún kọlù ú, á tún fà sẹ́yìn. Ìgbà mìíràn á dúró kí afẹ́fẹ́ ṣí ọ̀nà fún un. Ìrìn tó lé ní kìlómítà 4,000 ni láti Cape Town dé ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n máa dé.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ló tún ń sin ibùdó méjì mìíràn tí Gúúsù Áfíríkà ní sí erékùṣù: Marion, tó ń lọ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, àti Gough, tó ń lọ ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Kò sí yìnyín tó bo òkun lọ́nà ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìjì ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Èyí túmọ̀ sí pé kàlẹ́ńdà ọkọ̀ náà fún pinpin. Bí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ ní oṣù Kọkànlá, ibùdó mẹ́ta ló máa gbọ́ ọ.

Àwọn kan á béèrè pé, bàálù ńkọ́? Bàálù wà. Nígbà ooru, bàálù máa ń gbéra láti Cape Town lọ bà sórí yìnyín nítòsí ibùdó àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Novolazarevskaya, àti ní ibùdó Troll ti àwọn ará Nọ́wè. Orílẹ̀-èdè 11 tó ní iṣẹ́ ní agbègbè náà ló da owó pọ̀ sórí ètò bàálù yìí. Wákàtí mélòó kan ni, ọkọ̀ ojú omi sì ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó dára fún onímọ̀ tó fẹ́ tètè dé, tàbí aláìsàn tó gbọ́dọ̀ tètè padà. Ṣùgbọ́n epo ọdún kan kò ṣeé fi bàálù kó láìsọ owó nù.

Láti inú ọkọ̀ dé orí àpáta

Kò sí èbúté níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń já ẹrù sí ni wọ́n ń pè ní Penguin Bukta, kọ̀rọ̀ kan tó wọnú etí yìnyín. Ògiri yìnyín náà ló ń ṣe iṣẹ́ èbúté fún wọn. Ọkọ̀ á lọ fara tì í, kéréènì rẹ̀ á máa gbé ẹrù sókè sórí yìnyín, àwọn tó wà lókè á máa tú okùn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wo ògiri náà nítorí pé ó lè ya lulẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ìjì bá dé, ọkọ̀ á ṣí kúrò, iṣẹ́ á sì dúró.

Lórí yìnyín, kátápílà ló ń dúró dè wọ́n, irú èyí tó ń fi bẹ́líìtì rìn dípò táyà. Á máa fa ọkọ̀ ẹrù pẹlẹbẹ tí kò ní táyà rárá, tí ń yọ̀ lórí yìnyín. Orí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé táǹkì epo sí. Wọ́n á tò tẹ̀ léra, wọ́n á sì máa lọ lọ́sàn-án lóru, nítorí pé oòrùn kì í wọ̀ lásìkò yẹn. Àwọn awakọ̀ ń tẹ̀ lé ipa tí ẹ̀rọ ajúwe-ọ̀nà ti sàmì sí. Wọn kì í yà bàrà rárá. Yìnyín tó ń ṣàn máa ń lanu, ìrì dídì á sì bo ẹnu àlàfo náà bí ẹni pé ilẹ̀ gidi ni. Àlàfo ọ̀hún lè jìn tó láti gbé kátápílà mì. Ìgbà mìíràn ìkùukùu á bo gbogbo ibẹ̀ títí tí funfun ilẹ̀ àti funfun ojú ọ̀run á fi di ọ̀kan náà, tí awakọ̀ kò ní mọ bóyá òkè lòun ń gùn tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lòun ń sọ̀.

Epo ló pọ̀ jù nínú ẹrù tó ń lọ yìí. Díísù tí wọ́n pò lọ́nà tí kò fi ní dì nínú òtútù ni. Jẹnẹrétọ̀ ló ń mu ún. Àwa tí a mọ ohun tí owó díísù ń ṣe fún èèyàn lè rò pé a mọ ìyà jẹnẹrétọ̀, àmọ́ tiwa, bó bá kú, a ó tan fìtílà. Tiwọn, bó bá kú láàárín ìgbà òtútù, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, omi inú páìpù á dì, páìpù á bẹ́, ẹ̀mí á sì wà nínú ewu. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kì í fi í ṣe ẹyọ kan, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Omi mímu pàápàá, iná ló ń pèsè rẹ̀. Wọ́n á kó ìrì dídì pẹ̀lú ṣọ́bìrì sínú ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ, gbogbo wọn ló sì ń kó o, dókítà pẹ̀lú onímọ̀ físíìsì. Kọ́ńtínẹ́ǹtì tó ní èyí tó pọ̀ jù nínú omi tútù tí kò níyọ̀ láyé, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń bu tiwọn.

Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀?

Ìpín méjì ni wọ́n, ibí yìí ló sì ti máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àwọn kan ń lọ nígbà ooru, wọ́n á ṣe tiwọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì bá ọkọ̀ kan náà padà: onímọ̀ nípa àpáta, àwọn tó ń tún ilé ṣe, àwọn awakọ̀ hẹlikọ́pítà. Ìpín kejì ń dúró. Nǹkan bí èèyàn mẹ́wàá ni. Oṣù Kejìlá ọdún yìí ni wọ́n ń lọ, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́wàá ti èṣí, ọkọ̀ á kó ti èṣí padà, wọ́n á sì ku àwọn nìkan títí ọkọ̀ á fi tún padà wá. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó rí Cape Town.

Tí ẹ bá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mẹ́wàá náà, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ láti òkè. Dókítà kan wà. Mẹkáníìkì wà, oníná wà, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ abánisọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ wà. Àwọn tó ń tọ́jú rédà àti ẹ̀rọ ìwádìí ló kù. Ó ju ìdajì wọn lọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pé kí ilé máa gbóná, kí iná má kú, kí ara máa le. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, oòrùn kì í yọ rárá fún nǹkan bí oṣù méjì. Kò sí ọkọ̀ tó lè dé, bàálù pàápàá nira.

Dókítà kan ṣoṣo yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní agbègbè Dronning Maud Land kan náà, ní ibùdó Novolazarevskaya, àìsàn àpẹ́ńdíìsì kọlu dókítà ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1961. Leonid Rogozov lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 27 ni. Kò sí dókítà mìíràn, ìjì ò jẹ́ kí bàálù wá. Ó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá òun di dígí mú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ikùn ara rẹ̀. Ó yè é.

Ìwádìí wo ni wọ́n wá ń ṣe?

A ti wá dé ibẹ̀ wàyí. Ọ̀nà tó dára jù láti lóye rẹ̀ ni pé ká béèrè iye epo tí ìwádìí kọ̀ọ̀kan ń jẹ.

Èyí tí ibùdó náà mọ̀ ọ́n ṣe jù ni wíwo òfurufú òkè. Oòrùn kì í rán ìmọ́lẹ̀ nìkan sí wa. Ó tún ń fọ́n àwọn ègé tíntìntín tó ní agbára iná mànàmáná ká. Agbára òòfà ayé ni asà wa lójú wọn, àmọ́ ní ìkángun ayé méjèèjì ni okùn agbára òòfà yìí ti sọ̀kalẹ̀ wọnú ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ègé náà ń gbà wọlé. Rédà SANAE máa ń ju ìgbì rédíò sókè, á sì ka ohun tó bá padà wá láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lókè lọ́hùn-ún. Kì í dá ṣe é: ó jẹ́ ara ìsopọ̀ rédà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní SuperDARN. Ẹ̀ka iléeṣẹ́ òfurufú Gúúsù Áfíríkà, SANSA, tó wà ní Hermanus, ń lo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ láti kìlọ̀ bí ìjì láti ara oòrùn bá ń bọ̀. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ ló pa iná gbogbo ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà lóṣù Kẹta 1989, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn fi wà nínú òkùnkùn fún wákàtí mẹ́sàn-án. Ó lè da rédíò awakọ̀ òfurufú rú, ó sì lè ṣi GPS lọ́nà. Rédà yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni rìn jáde. Iná tí kì í kú ló nílò.

Ìwádìí àpáta yàtọ̀ pátápátá. Ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn, Antarctica àti Áfíríkà lẹ̀ mọ́ra. Àpáta tó wà ní Grunehogna, kò jìnnà sí SANAE, jẹ́ ègé tó ya kúrò lára àpáta àtijọ́ tó wà lábẹ́ gúúsù Áfíríkà, ti Kalahari. Onímọ̀ ará Gúúsù Áfíríkà tó dé ibẹ̀, ilé ara rẹ̀ ló dé. Ṣùgbọ́n àfi kí hẹlikọ́pítà gbé e láti òkè kan sí òkè kejì, ìgbà ooru nìkan sì ni. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, ọjọ́ náà ti lọ, epo hẹlikọ́pítà sì ní òdiwọ̀n.

Ti òkun ló rọrùn jù láti ṣe, nítorí pé ọkọ̀ ń lọ ń bọ̀ lọ́nàkọnà. Ní gbogbo ìrìn náà ni wọ́n ń bu omi láti oríṣiríṣi ìsàlẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ooru àti iyọ̀ rẹ̀, wọ́n ń ju ẹ̀rọ tó ń léfòó sínú rẹ̀ kó máa ránṣẹ́ lórí sátẹ́láìtì. Nínú èéfín kábọ́ọ̀nù tí àwa èèyàn ń tú jáde tí gbogbo òkun ayé ń gbé mì, òkun tó yí Antarctica ká nìkan ń gbé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìsọfúnni ìgbà òtútù ló ṣọ̀wọ́n jù níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí Agulhas II fi forí lé etí yìnyín láàárín òtútù ní 2017 àti 2019. Èyí tí aráyé gbọ́ jù nípa ọkọ̀ náà ni ti oṣù Kẹta 2022, nígbà tí àwọn tó gbé e lọ sí Òkun Weddell rí Endurance, ọkọ̀ Ernest Shackleton, arìnrìn-àjò Antarctica láyé àtijọ́, tí yìnyín fọ́ ní 1915, ní mítà 3,008 nísàlẹ̀ omi. Ìròyìn aládùn ni, mo gbádùn ẹ̀. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, omi tí wọ́n ń bù sínú ìgò lọ́dọọdún ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Àpẹẹrẹ kan á jẹ́ kó yé wa. Ní 1985, Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin, ará Bìrìtéènì ni wọ́n, kéde pé ihò ti lu lókè Antarctica ní ara osóònù, gáàsì òkè ọ̀run tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìgbàlódé ló fi hàn wọ́n. Láti nǹkan bí 1957 ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ní ibùdó wọn ní Halley, ọdún dé ọdún, tí nǹkan kan kò sì yí padà fún ìgbà pípẹ́. Ká ní wọ́n ti ibùdó náà pa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nítorí owó epo, wọn ò ní rí i. Lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n kéde rẹ̀ ni àdéhùn Montreal dé, tó fòpin sí àwọn gáàsì inú fíríìjì àti agolo olóòórùn tó ń ba osóònù jẹ́. Ẹni tó bá ń béèrè pé kí ni èrè mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nínú òkùnkùn, irú èrè bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ṣáájú ọdún wo ló máa so.

Ohun tó lọ gbọ́dọ̀ bọ̀

Ìdọ̀tí náà jẹ́ ẹrù. Àdéhùn lórí àyíká tí wọ́n fọwọ́ sí ní Madrid ní 1991, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998, ló dè wọ́n lọ́wọ́: agolo, ike, bátìrì, àlòkù epo, gbogbo ẹ̀ ni ọkọ̀ ń kó padà sí Cape Town. Ajá tó ń fa ọkọ̀ yìnyín láyé àtijọ́ náà ti di èèwọ̀ láti 1994. Kí èèyàn tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n á yẹ bàtà àti àpò aṣọ rẹ̀ wò kó má baà gbé èso koríko lọ.

Erékùṣù Marion ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n yẹn. Ní 1949, ológbò márùn-ún ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀ kó máa pa eku inú ibùdó. Ológbò ọ̀hún di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹyẹ òkun ni wọ́n ń jẹ. Ó di 1991 kí wọ́n tó rẹ́yìn wọn. Eku ṣì wà níbẹ̀ ní tiwọn, wọ́n sì ti ń jẹ ọmọ ẹyẹ albatross láàyè báyìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè góòlù àti epo rọ̀bì. Àdéhùn Madrid kan náà ló ka wíwa ohun àlùmọ́ọ́nì ní Antarctica léèwọ̀, àyàfi fún ìwádìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà gbọ́ pé èèwọ̀ náà á tán ní 2048, pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń dúró dè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ náà kò ní ọjọ́ ìparí. Ohun tó máa yí padà ní 2048 ni pé orílẹ̀-èdè tó ní ohùn nínú àdéhùn lè béèrè pé kí wọ́n pe ìpàdé láti tún un gbé yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, tí wọ́n sì gbà láti yí i, èèwọ̀ ìwakùsà kò ṣeé mú kúrò àyàfi bí òfin mìíràn tó de gbogbo wọn bá ti wà nílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀. Ìyípadà náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyàfi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ní ohùn bá fòǹtẹ̀ lù ú, tí gbogbo orílẹ̀-èdè 26 tó ní ohùn ní 1991 sì wà lára wọn, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Gúúsù Áfíríkà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 26 náà.